John Harrison, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣe aago fún àwọn atukọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1707, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń darí bọ̀ wálé láti òkun Mẹditaréníà. Ojú ọjọ́ kò dára. Àwọn ọ̀gákọ̀ rò pé agbami òkun nìkan ló wà níwájú wọn. Àṣìṣe ni. Àwọn àpáta erékùṣù Scilly, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dúró dè wọ́n. Ọkọ̀ mẹ́rin fọ́, wọ́n sì rì. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó bá omi lọ ní òru ọjọ́ kan náà. Cloudesley Shovell, ọ̀gá àgbà wọn, wà lára àwọn tó kú.

Àwọn tó kú wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ títù. Wọ́n mọ ẹ̀fúùfù, wọ́n mọ ìràwọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí wọ́n wà lójú òkun. Ìṣòro yìí ti ń pa atukọ̀ láti ìran dé ìran, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù sì ti wá ojútùú rẹ̀ tì. Ẹni tó rí i níkẹyìn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ará abúlé. John Harrison ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà

A bí John Harrison ní oṣù kẹta ọdún 1693 ní abúlé Foulby, ní àgbègbè Yorkshire. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Henry, bàbá rẹ̀. Nígbà tí John ṣì kéré, ìdílé náà kó lọ sí abúlé Barrow, lẹ́bàá odò Humber. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó mọ igi tó le àti èyí tó rọ̀. Ó mọ igi tí ọ̀rinrin ń mú wú àti èyí tí kì í yẹ̀. Ó fẹ́ràn orin pẹ̀lú, òun ló sì ń darí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn.

John kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, àlùfáà kan yá a ní ìwé àfọwọ́kọ kan. Ìwé náà dá lórí ìwúwo, agbára, àti ọ̀nà tí ohun gbogbo ń gbà rìn. Ìwé oníwèé ni. Ó di dandan kí ó dá a padà. John jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi ń ka ẹ̀dà tirẹ̀ náà, tó sì ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí etí ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1713, ó ṣe aago ńlá kan. Igi ni ó fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1722, ó ṣe òmíràn fún ilé ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Brocklesby Park. Òróró ni ìṣòro àwọn aago ìgbà náà. Bí òtútù bá mú, òróró inú aago á dì. Bí ó bá sì pẹ́, á di ìdọ̀tí, aago á sì máa fà. Harrison wá igi ilẹ̀ olóoru kan tó ní òróró tirẹ̀ nínú, ó fi í ṣe àwọn ibi tí irin ti ń yí. Aago náà kò bèèrè òróró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ṣì ń rìn títí di òní.

James, àbúrò rẹ̀, wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọdún 1725 sí 1728, àwọn méjèèjì ṣe aago tí kì í ṣe àṣìṣe ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ láàárín oṣù kan. Ní ayé ìgbà náà, aago tó péye tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tó dúró ṣinṣin ni aago àwọn Harrison wà. Òkun ni ìdánwò tó kù.

Ìṣòro ojú òkun

Ẹni tó bá wà lójú òkun gbọ́dọ̀ mọ ohun méjì kí ó tó mọ ibi tó wà. Èkíní ni bí ó ti jìnnà tó sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èyí kò ṣòro: gíga oòrùn lọ́sàn-án tàbí gíga ìràwọ̀ lóru á sọ fún un. Èkejì ni bí ó ti jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìlà òòró. Òun gan-an ni kò ṣeé mọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n kò farasin. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24. Bí a bá pín àyíká ayé sí ìpín 360, ayé ń yí ìpín 15 ní wákàtí kan, ìpín kan sì gba ìṣẹ́jú 4. Ká ní ọkọ̀ kan gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì gbé aago tó ń sọ àkókò Lọ́ńdọ̀nù dání. Bí oòrùn bá dé àárín ọ̀run lókè ọkọ̀ náà, ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ wọn. Bí aago bá wá sọ pé agogo mẹ́ta ọ̀sán ló lù ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ wákàtí 3 ló wà níbẹ̀. Ọ̀gákọ̀ á mọ̀ pé òun ti rìn ìpín 45 sí ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Aago nìkan ló kù. Aago ìgbà náà kò sì lè ṣe é. Ọkọ̀ ń mì, ooru àti òtútù ń mú irin gùn tàbí kúrú, iyọ̀ òkun ń jẹ irin, òróró ń dì. Ìṣẹ́jú 4 péré tí aago bá fi yẹ̀, ọkọ̀ ti ṣìnà tó kìlómítà 111 ní agbedeméjì ayé. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló gbà pé kò sí aago tó lè ṣe iṣẹ́ náà láéláé. Ojú ọ̀run ni wọ́n gbójú lé: wọ́n fẹ́ fi ìrìn òṣùpá láàárín àwọn ìràwọ̀ mọ àkókò.

Ní ọdún 1714, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan. Wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn 20,000 pọ́n-ùn fún ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀nà tí a lè gbà mọ ìlà òòró lójú òkun, tí àṣìṣe rẹ̀ kò sì ju ààbọ̀ ìpín kan lọ. Lójú aago, ìyẹn ni ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn ìrìn àjò òkun tó gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti ṣe ìdájọ́. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àti àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi wà nínú ìgbìmọ̀ náà.

Agbára tí kò gbọdọ̀ yí padà

Kí ni ó ń mú kí aago rìn? Aago ńlá inú ilé ní ohun wúwo kan tí a so kọ́. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fa àwọn kẹ̀kẹ́. Bí ohun náà ti wúwo tó láàárọ̀ ni ó wúwo tó lálẹ́, nítorí náà agbára rẹ̀ kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a so kọ́ kò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń fì. Sípíríǹgì ni a gbọ́dọ̀ lò nínú aago àgbérìn. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, tí a ká jọ bí ẹní. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é ní ressort. Bí ó ṣe ń tú ni ó ń ti àwọn kẹ̀kẹ́.

Àléébù sípíríǹgì ni pé agbára rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a, ó ń fi tipátipá ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó tú tán, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdẹ tó ń ta ọfà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: bí a bá ti fa ọrun tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Aago tó lágbára láàárọ̀, tó sì di aláìlera lálẹ́, kò lè sọ òtítọ́ nípa àkókò.

Àwọn tó ń ṣe aago ti rí ọgbọ́n kan dá sí i tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Harrison. Wọ́n fi irin kan tó rí bí òkòtó sí àárín sípíríǹgì àti àwọn kẹ̀kẹ́. Òkòtó náà fẹ̀ nídìí, ó tín-ín-rín lórí. Wọ́n wé ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn. Nígbà tí sípíríǹgì bá lágbára, orí òkòtó tó tín-ín-rín ni ẹ̀wọ̀n ń fà, níbi tí yíyí rẹ̀ ti nira. Bí ó ṣe ń rẹ sípíríǹgì, ẹ̀wọ̀n ń bọ́ sí ìdí tó fẹ̀, níbi tí agbára díẹ̀ ti tó láti yí i. Ẹni tó bá ti etí ilẹ̀kùn rí, tó sì tún ti ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti kàn án mọ́ férémù, á ti mọ̀ pé etí rẹ̀ ló rọrùn jù. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣẹ́kù. Ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ká aago. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ká a, ẹ̀yìn ni ó ń yí òkòtó náà sí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, agbára kò dé ọ̀dọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́, aago sì ń dúró. Bí kíká náà bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 10 lójúmọ́, aago á ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 800 sẹ́yìn lẹ́yìn ọjọ́ 80. Ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú 13. Ní agbedeméjì ayé, ọkọ̀ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé aago bẹ́ẹ̀ á ṣìnà ju kìlómítà 300 lọ.

Harrison ló rí ojútùú tó pé. Ó fi sípíríǹgì kékeré kan sí ìdí òkòtó náà. Ní gbogbo ìgbà tí aago bá ń rìn, sípíríǹgì ńlá ló ń mú kí kékeré yìí wà ní kíká. Nígbà tí ọwọ́ bá wá gba agbára sípíríǹgì ńlá kúrò, eyín irin kan á há kẹ̀kẹ́ náà kí ó má bàa padà sẹ́yìn, sípíríǹgì kékeré á sì máa ti aago lọ síwájú títí tí ọwọ́ á fi ká a tán. Bí ìyàwó ilé bá lọ sí odò, tó sì fi ẹnìkan ti iná, ọbẹ̀ kò ní dákẹ́ híhó. Báyìí ni a ṣe lè ká aago láìdá a dúró.

Aago ńlá mẹ́ta

Ní nǹkan bí ọdún 1730, Harrison kó àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó lọ bá Edmond Halley, olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ọba. Halley gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ní kí ó lọ bá George Graham, ẹni tó mọ iṣẹ́ aago jù ní ìlú náà. Àárọ̀ ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Alẹ́ lẹ́ ẹ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Graham yá ará oko náà ní owó láìgba ohun ìdúró, láìbèèrè èlé.

Harrison padà sí Barrow, ó fi ọdún 5 ṣiṣẹ́. Aago tó gbé jáde ní ọdún 1735 wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 34. Irin méjì tí a so pọ̀ ló ń fì nínú rẹ̀, wọ́n dojú kọ ara wọn. Bí ọkọ̀ bá ti èyí, ó ń fa èyí jì, ìdààmú ọkọ̀ a sì já sí asán. Ní ọdún 1736, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Lisbon, ní ilẹ̀ Pọtogí. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àwọn atukọ̀ rí ilẹ̀ lókèèrè, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Harrison wo aago rẹ̀, ó ní ibòmíràn ni, tó jìnnà sí ibẹ̀ ní nǹkan bí 100 kìlómítà. Wọ́n sún mọ́ ọn: òótọ́ ni Harrison sọ. Ọ̀gákọ̀ náà fi ọwọ́ kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìgbìmọ̀ náà pàdé ní ọdún 1737. Harrison ìbá ti béèrè pé kí wọ́n dán aago náà wò títí dé àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, kí ó lè gba ẹ̀bùn náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí àwọn àbùkù iṣẹ́ rẹ̀, tó sì bẹ̀bẹ̀ fún owó díẹ̀ láti ṣe èyí tó dára jù ú lọ. Wọ́n fọwọ́ sí 500 pọ́n-ùn. Ó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣe aago kejì ní ọdún 2, ó sì rí àbùkù nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó gbé e tì. Aago kẹta gba ọdún 19 lọ́wọ́ rẹ̀. William, ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n dé ìlú náà, dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yìí, ó sì di olùrànlọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn ọdún wọ̀nyí kò ṣòfò. Nínú aago kẹta ni Harrison ti lẹ irin idẹ àti irin líle pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo. Ooru ń mú idẹ gùn ju irin líle lọ. Nítorí náà ọ̀pá náà á tẹ̀ bí ooru bá mú, á sì tún ìrìn aago ṣe fúnra rẹ̀. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń tan ara rẹ̀, tó sì ń pa ara rẹ̀ nítorí ooru. Síbẹ̀, aago kẹta náà kò tẹ́ Harrison lọ́rùn.

Aago tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1753, alágbẹ̀dẹ aago kan ní Lọ́ńdọ̀nù, John Jefferys, ṣe aago àpò kan fún Harrison bí Harrison ti là á sílẹ̀. Aago kékeré náà rìn dáadáa ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Harrison rí i pé ojú ọ̀nà mìíràn ni òun ti ń tọ̀ láti ogún ọdún wá. Ohun kékeré tó ń fì kíákíá ni ìmì ọkọ̀ kò lè dà láàmú, kì í ṣe ohun ńlá tó ń fì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yìí wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ó parí aago kẹrin ní ọdún 1759. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, ó sì wọn kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ bí ó bá dín díẹ̀. Ó ń dún lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òkòtó àti ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì tó ń gbà á dúró nígbà kíká náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Harrison fi ọgbọ́n kẹta kún un, èyí tó ti ń lò láti ìgbà aago kejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìkòkò ńlá bá ní ihò nídìí, omi á máa tú yàà nígbà tó bá kún, á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń fi ife kan bu omi nínú ìkòkò náà, omi ife kan náà ni yóò máa bù, ìbáà kún, ìbáà má kún. Ohun tí Harrison ṣe nìyẹn. Sípíríǹgì ńlá ni ìkòkò. Sípíríǹgì kékeré kan, tó sún mọ́ ibi tí aago ti ń ka àkókò, ni ife. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méje àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì ńlá á ká ti kékeré, á sì padà sinmi. Ti kékeré nìkan ló ń ti aago. Níwọ̀n bí a ti ń ká a lẹ́ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ kì í tíì dín kù kí a tó tún un ká. Báyìí ni aago náà ṣe ń gba ìwọ̀n agbára kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ìrìn àjò sí Jamaica

Harrison ti lé ní ọdún 68 nígbà tí ìdánwò dé. William ọmọ rẹ̀ ló gbé aago náà wọ ọkọ̀ Deptford ní oṣù kọkànlá ọdún 1761. Jamaica ni wọ́n ń lọ, erékùṣù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ fi ṣe ẹrú. Lójú ọ̀nà, ìṣirò àwọn atukọ̀ yàtọ̀ sí ti aago ní ohun tó lé ní ìpín kan. William dúró lórí ọ̀rọ̀ aago, ó ní ọjọ́ kejì ni àwọn yóò rí erékùṣù Madeira. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì rí Madeira.

Wọ́n dé Jamaica ní oṣù kìíní ọdún 1762. Lẹ́yìn ọjọ́ 81, ìṣẹ́jú-àáyá 5 àti díẹ̀ péré ni aago náà fi sẹ́yìn. Òfin gba ìṣẹ́jú 2 láyè. Àṣìṣe ọ̀hún kò tó kìlómítà 3 lójú òkun. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìjì líle bì lu ọkọ̀. William fi kúbùsù tirẹ̀ wé aago náà kí omi má bàa kàn án.

Ìjà pẹ̀lú ìgbìmọ̀

Ìgbìmọ̀ náà kò san ẹ̀bùn. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé aago náà ṣe kòńgẹ́ oríire lásán. Wọ́n fún un ní owó díẹ̀, wọ́n sì ní kí ó tún lọ. Ní ọdún 1764, William gbé aago náà lọ sí erékùṣù Barbados. Nevil Maskelyne, onímọ̀ ìràwọ̀, ti wà níbẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Òun kan náà sì wà lára àwọn tó ń fẹ́ kí ọ̀nà òṣùpá borí. Lẹ́yìn ọjọ́ 47, àṣìṣe aago náà jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 39. Ó ṣì dára ní ìlọ́po mẹ́ta ju ohun tí òfin béèrè lọ.

Síbẹ̀, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Ní ọdún 1765, wọ́n ní ìdajì owó ni Harrison yóò gbà, bí ó bá tú aago náà palẹ̀ lójú àwọn ẹlẹ́rìí, tí ó ṣàlàyé gbogbo ohun inú rẹ̀, tí ó sì kó gbogbo aago mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn. Kò ní gba ìdajì kejì àfi bí àwọn ẹlòmíràn bá lè ṣe irú rẹ̀. Ìbéèrè yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀: aago kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ọkọ̀ là. Ṣùgbọ́n kò sí nínú òfin ọdún 1714. Harrison bínú, ó jà, ó sì gbà níkẹyìn. Ó gba 10,000 pọ́n-ùn.

Ohun kan wà tí kò ràn án lọ́wọ́ nínú ìjà yìí. Ọwọ́ Harrison mọ irin, ó mọ igi, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń fi ìwé ṣàlàyé. Gbólóhùn rẹ̀ máa ń gùn, á lọ́ra pọ̀, ẹni tó ń kà á á sì sọnù sínú rẹ̀. Àwọn tó ń bá a jà jẹ́ akọ̀wé tó dáńgájíá. Ohun tó hàn kedere nínú aago rẹ̀, kò lè mú un hàn kedere lórí tákàdá.

Maskelyne di olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ọba ní ọdún 1765. Òun ni wọ́n gbé aago kẹrin fún láti dán wò ní Greenwich, ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀ kò sì dára. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn aago ńlá mẹ́ta nílé Harrison, àkọ́kọ́ já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e. Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ lọ kúrò nílé arúgbó náà lọ́jọ́ kan.

Ọba dá sí i

Harrison kò jókòó sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ aago karùn-ún pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, láìní aago kẹrin níwájú rẹ̀ láti wò. Ní ọdún 1772, William kọ̀wé sí Ọba George Kẹta. Ọba gbà kí wọ́n gbé aago náà wá sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wo ìràwọ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, aago náà ń ṣe ségesège. Wọ́n wá rí i pé òkúta tó ń fa irin wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nítòsí rẹ̀. Wọ́n kó òkúta náà kúrò. Fún ọ̀sẹ̀ 10, àṣìṣe aago náà jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kan lójúmọ́.

Ọba gbà pé wọ́n ti ṣe ọkùnrin náà ní àìdáa. Harrison gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ọdún 1773 wọ́n sì fún un ní 8,750 pọ́n-ùn. Ẹni 80 ọdún ni nígbà náà.

Ẹ̀rí tó ju owó lọ ń bọ̀ lọ́nà. Larcum Kendall, alágbẹ̀dẹ aago, ti ṣe aago kan tó jọ ti Harrison délẹ̀délẹ̀. James Cook gbé e lọ sí ìrìn àjò rẹ̀ kejì yí ayé po, láti ọdún 1772 sí 1775, láti ilẹ̀ olóoru títí dé ibi yìnyín gúúsù ayé. Cook, tó ti ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, padà dé pẹ̀lú ìyìn fún aago náà. Bí ẹlòmíràn bá lè ṣe irú rẹ̀, tó sì rìn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oríire lásán mọ́.

Ohun tó fi sílẹ̀

John Harrison kú ní ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1776, lẹ́ni ọdún 83. Wọ́n sin ín sí Hampstead. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Faransé, àwọn mìíràn wá aago tó rọrùn, tó sì pọ̀ tó fún gbogbo ọkọ̀. Àwọn bíi Pierre Le Roy àti Ferdinand Berthoud ti ń ṣe aago òkun tiwọn ní Faransé nígbà tí Harrison ṣì wà láyé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, aago òkun di ohun tí ọkọ̀ ńlá kò lè ṣe aláìní. Ọkọ̀ ẹja lò ó, ọkọ̀ òwò lò ó, ọkọ̀ ogun lò ó. Àwọn tó ń kó ẹrú kò sì ṣàì rí tiwọn lò.

Aago mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Harrison ṣe fún òkun wà ní Greenwich lónìí, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń rìn. Ibẹ̀ náà ni ìlà òòró tí gbogbo ayé ń kà ní òfo ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ la Faransé kọjá, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó sì wọ òkun ní etíkun Gánà, nítòsí Tema. Àjàṣẹ́, tí a ń pè ní Porto-Novo, wà ní ìpín méjì àti díẹ̀ sí ìlà oòrùn rẹ̀. Nítorí náà, oòrùn máa ń dé àárín ọ̀run ní Àjàṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ṣáájú kí ó tó dé e ní Greenwich. Ìṣẹ́jú 10 yẹn ni Harrison fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ irin bí a ṣe ń kà láìṣì í.